Ilé Ìdáná Méjì Nínú Ọgbà Kan: Ìrìnàjò Mi sí Kalighat

Láti ìgbà tí mo ti ti Íńdíà dé ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí pé ọlọ́run mélòó gan-an ni àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń sìn. Ilé ìdáná Kalighat, tẹ́ńpìlì Híńdù kan, ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Nínú ọgbà tẹ́ńpìlì náà, ní ìlú Kolkata, wọ́n ń fi ẹran òbúkọ bọ Kali, òrìṣà obìnrin. Nínú ọgbà kan náà, lápá ìwọ̀ oòrùn, ni ilé òrìṣà Krishna àti Radha, olólùfẹ́ rẹ̀, wà, tí ó ní ilé ìdáná tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí ẹran kò gbọdọ̀ wọ̀.

Ọdún 1809 ni wọ́n kọ́ tẹ́ńpìlì tó wà níbẹ̀ báyìí parí, ṣùgbọ́n ojúbọ náà ti wà ṣáájú. Ìtàn wọn sọ pé nígbà tí Sati, aya òrìṣà Shiva, kú, tí ọkọ rẹ̀ gbé òkú rẹ̀ lé èjìká, tí ó sì ń fi ìbànújẹ́ jó káàkiri, òrìṣà Vishnu gé òkú náà sí wẹ́wẹ́, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì bọ́ sí Kalighat. Òkúta dúdú ni ère Kali tó wà níbẹ̀, ó ní ojú ńlá mẹ́ta, wúrà sì ni ahọ́n gígùn tó yọ síta.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede, lápá gúúsù, ni òpó onípàlàkà méjì tí wọ́n ti ń rúbọ wà. Ìdílé kan mú òbúkọ dúdú kékeré wá. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi òdòdó pupa kọ́ ọ lọ́rùn, àwòrò sì tẹ̀ sí i létí, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí wọ́n tó ti ọrùn rẹ̀ bọ àárín òpó. Ìlù dún, àdá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni ìyá ilé náà wólẹ̀, tí ó fi iwájú orí kan òpó. Wọn kì í fi àlùbọ́sà tàbí ááyù se irú ẹran bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú mi kiri rí i pé mo ń wo ilé ìdáná kejì. “Didi,” ni ó pè mí, bí wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbẹ̀, “ẹni tó ń jẹran fi ẹran bọ ọ́, ẹni tí kì í jẹ ẹ́ fi ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ bọ ọ́. Ẹnì kan náà ló ń gbà á.” Ó tún sọ ohun kan tó yà mí lẹ́nu jùlọ: ní alẹ́ ọdún Kali, nígbà tí gbogbo Bengal, agbègbè tí Kolkata wà, ń bọ Kali, Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀, ni wọ́n ń pe ère Kalighat yìí, orúkọ yẹn ni wọ́n sì fi ń bọ ọ́.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí tẹ́ńpìlì Dakshineswar, tí obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, Rani Rashmoni, kọ́ sí etí odò Hooghly, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 1855. Ilé Kali, ilé Krishna àti ojúbọ Shiva 12 ló wà lójú kan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Ramakrishna, olùkọ́ ẹ̀sìn Híńdù tó lókìkí, ti ṣe àwòrò, tí ó ń kọ́ni pé Kali àti Brahman, Ẹni kan ṣoṣo tí ohun gbogbo ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, kò ṣeé yà, gẹ́gẹ́ bí iná àti agbára rẹ̀ láti jó.

Ní alẹ́, nílé ìdílé tó gbà mí lálejò, àwòrò dá iná, ó ń da bọ́tà yíyọ́ sí i, ó sì ń ka ẹsẹ 24 nínú orí kẹrin Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ àwọn Híńdù: Brahman ni ìrúbọ, Brahman ni ohun tí a fi rú u, Brahman ni ẹni tó ń rú u, inú iná tí í ṣe Brahman ni a sì ń dà á sí. Ní tèmi, níbẹ̀ ni ìdáhùn wà, nítorí bí ẹni tó ń rúbọ àti ohun tó fi rúbọ bá jẹ́ ọ̀kan, a kò lè sọ pé àwọn tó ń gbà á pọ̀.

Òbúkọ ni ìdílé yìí fi ń bọ òrìṣà obìnrin tó ń jẹ́ Durga tẹ́lẹ̀. Elégédé àti ìrèké ni wọ́n ń fi àdá gé báyìí. Bàbá àgbà ilé fẹ́ kí wọ́n padà sí òbúkọ, àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbà, wọ́n sì jiyàn pẹ́ lójú mi, síbẹ̀ kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó sọ pé Durga mìíràn ló ń gba elégédé.