24 sí 40, 19 sí 45

Gírísì ṣì wà lábẹ́ èékánná mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀bi mi ni. Nígbà tí a ń yan gíà róbọ́ọ̀tì ìdíje wa, èmi ni mo rin kinkin pé eré ni a fẹ́. Gíábọ́ọ̀sì wa ní ìpele méjì: gíà eléyín 14 ń yí eléyín 50, lẹ́yìn náà 24 ń yí 40. Motor á yí ìgbà 5.95 kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Motor NEO tí a lò ń yí nǹkan bí ìgbà 5,676 ní ìṣẹ́jú kan tí kò bá ru ẹrù. Táyà wa jẹ́ íǹṣì 4. Mo ṣírò rẹ̀, ó lé díẹ̀ ní mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo sì ń fi ṣe fáàrí kiri. "Tí kò bá ru ẹrù": ojú mi fo ibẹ̀ kọjá.

Lónìí tí a gbé e sórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹrù dé. Tó bá fẹ́ gbéra, á máa fà tìkọ̀. Kí eré tó wọ̀ ọ́ lára, ògiri ti dé. Èyí tó burú jù ni ìgbà tó ń ti nǹkan: táyà di kápẹ́ẹ̀tì mú, motor dúró gbagidi, ó ń fa iná ṣáá, bréékà oní-áḿpù 40, èyí tó ń gé iná tó bá pọ̀ jù, já. "Ẹ̀gbọ́n," ni ọmọ tó ń wà á wí, "ṣé ẹ rí i pé kì í gbọ́ tèmi?"

Táyà ló yẹ kó kọ́kọ́ yọ̀, kí bréékà tó já. Ohun tó yẹ kí n fi yan gíà nìyẹn, kì í ṣe eré orí ìwé tí róbọ́ọ̀tì ò ní àyè láti sá.

A tú u, kí a lè fi eré díẹ̀ ra agbára. Ihò tí ọ̀pá gíà wọ̀ ò ṣeé sún, nítorí náà tí a bá ro eyín gíà méjèèjì ìpele kejì pọ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 64 bíi ti tẹ́lẹ̀. 16 àti 48 náà jẹ́ 64, ṣùgbọ́n ìyẹn á sọ ìgbà 5.95 yẹn di 10.71, á wá máa wọ́ bí ìgbín. A fi 19 àti 45 sí i: 8.46. Mo fi máàkà sàmì sí eyín kan kí n tó tún un kà, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ka 45 di 46. Eré orí ìwé wálẹ̀ sí mítà 3.6.

Lálẹ́, a wà á lọ ti ògiri. Táyà yọ̀, ó ń han lórí kápẹ́ẹ̀tì, bréékà ò já. Awakọ̀ wa ò sọ nǹkan kan. Ó kàn nawọ́ gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi.