Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Ìwé Ti Bọ́ Sọ́wọ́

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀yin tí a jọ ń bá a bọ̀ mọ̀ pé oṣù-oṣù ni mo máa ń to àyẹ̀wò ọdún mi: ohun tí a rà, ẹni tó bímọ, ẹni tó kó lọ sílé tuntun, ẹni tó bínú sí mi nítorí aṣọ ẹbí. Ẹ má retí ìyẹn lọ́dún yìí. Bí ẹ bá ní kí n búra, n kò lè sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù kẹta. Mo rántí pé yìnyín bo Houston nínú oṣù kìíní, torí pé àwọn tó yẹ kó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa láàárọ̀ kò lè wakọ̀ jáde, àwa tí a ti ṣiṣẹ́ mọ́jú náà la tún dúró ti aláìsàn. Ìyókù ọdún, ìwé ni. Mo parí dìgírì mi. Ẹ bá mi jó, ṣùgbọ́n ẹ rọra, ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Iṣẹ́ ò yí padà o. RT náà ni mo ṣì jẹ́, àwa tí wọ́n ń sáré pè bí aláìsàn kò bá lè mí dáadáa. Àwa là ń tọ́jú ventilator, ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí, àwa là ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde lọ́nà ọ̀fun, àwa là ń gba ẹ̀jẹ̀ níbi iṣan ọrùn ọwọ́ láti mọ bí ọ́síjìn inú rẹ̀ ṣe tó. Aago méje alẹ́ sí méje àárọ̀. Ìwé ọlọ́dún méjì ni mo fi wọṣẹ́ nígbà tí àwọn ìbejì ṣì wà nínú pámpásì, òun náà ni mo sì fi ń jẹun látìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún 2018, CoARC, àjọ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wa ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ilé ẹ̀kọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ máa fúnni ní dìgírì, ó kéré tán. Bí àwọn ọmọdé tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá èémí mú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dé pẹ̀lú ìwé tó ju tèmi lọ nìyẹn. Wọ́n ń pè mí ní "ma", wọ́n sì ń múra àtidi ọ̀gá mi. Ara mi ò gbà á.

Abẹ́òkúta ni ìdí kejì wà, ẹ sì mọ̀ wọ́n. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, bí ìsìn bá ti parí, Màámi á pè mí lórí WhatsApp, wọ́n á gbé fóònù ga débi pé gèlè nìkan ni màá máa rí. "Àṣàkẹ́, ìwé yẹn ńkọ́?" Mo lọ́kọ, mo lọ́mọ, mo kọ́lé, mò ń fowó ránṣẹ́. Ìwé yẹn ńkọ́.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti kà á. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí àgbà ṣe ń lọ sílé ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Ọjọ́bọ̀, wàá kọ èrò rẹ síbi tí gbogbo kíláàsì ti lè kà á. Kí alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó lẹ̀, wàá ti fún ẹni méjì lésì. RT ni gbogbo wa, ibi iṣẹ́ alẹ́ ni gbogbo wa ti ń bọ̀, nítorí náà èsì gbogbo wa kò ju "o ṣeun, ọ̀rọ̀ rẹ jinlẹ̀" lọ, a ó wá fi ìtọ́kasí kan tì í nídìí kí tíṣà má bàa yọ máàkì. Ìtọ́kasí gan-an wá ni àjálù. APA ni wọ́n ń pe ìlànà tí à ń tẹ̀ lé láti kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Mo lè gba ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ àná tí iṣan rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú, ṣùgbọ́n kọ́mà APA sọ mí di òpè.

Kẹ́hìndé ló kọ́ mi ní statistics. Ṣe ló ń mí kanlẹ̀ bó ṣe ń ṣàlàyé, bí èmi náà ṣe máa ń mí kanlẹ̀ nígbà tí mò ń kọ́ ọ ní ABD. Ẹ̀san ni. Bàbá Ìbejì gba ìdáná. Kókó ṣì wà nínú ẹ̀bà wọn títí dòní, a ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ní ti owó, òfin Amẹ́ríkà gbà kí ibi iṣẹ́ san tó $5,250 lọ́dún lórí ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ láìsí pé owó orí kàn án. Àwọn tèmi san tiwọn. Nípa ìyókù, ẹ bi Bàbá Ìbejì léèrè mọ́tò tí wọn kò rà.

Iṣẹ́ àṣekágbá ló wá gba ọdún náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n mú nǹkan kan láti ibi iṣẹ́ mi kí n tú ìdí rẹ̀. Mo mú ẹ̀rọ kékeré tí à ń há mọ́ ọmọ ìka láti fi mọ bí ọ́síjìn ṣe tó lára. Ẹ mọ̀ ọ́n láti ìgbà kòrónà, àwọn míì nínú yín rà á sílé. Ará Japan kan, Takuo Aoyagi, ló ronú kàn án ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọdún 2020 tí gbogbo ayé wá ń há a mọ́ka ló sì kú. Iná méjì ló ń tàn gba inú ìka kọjá, pupa kan, èkejì ojú kò lè rí i. Ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn àti èyí tí kò ní kì í gbé iná méjèèjì mì bákan náà, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Àmọ́ àwọ̀ dúdú náà ń gbé iná mì, ìyẹn sì lè ṣi ẹ̀rọ lọ́nà.

Nínú oṣù kejìlá ọdún 2020, Sjoding àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ ìka ti ní ọ́síjìn wà láàárín 92 sí 96, wọ́n fi wé ohun tí ẹ̀jẹ̀ inú iṣan wí. Nínú tàwọn aláwọ̀ funfun, 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ́síjìn wọn kò tó 88 ní tòótọ́. Nínú tàwa dúdú, 11.7. Nígbà tí mo wá walẹ̀ síwájú sí i, mo rí i pé ìwádìí kan ti sọ ohun tó fara jọ ọ́ láti 1990. Ọgbọ̀n ọdún! FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ ní ọdún 2021, oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n sì tó gbé ìwé àbá jáde pé kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà máa dán an wò lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra. Inú bí mi. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kúkú ti ń rí i. Ẹ̀rọ á ní 93, ẹ̀jẹ̀ á ní 86. A ó ní ọwọ́ aláìsàn ló tutù, a ó nu ìka, a ó há a mọ́ ìka mìíràn títí a ó fi rí èyí tó wù wá.

Ojú ìwé kan péré ni mo yọ nínú iṣẹ́ náà fún àwọn ará ibi iṣẹ́: bí aláìsàn bá dúdú, tí èémí rẹ̀ ń yára, ẹ má jẹ́ kí 92 tàbí 94 fi yín lọ́kàn balẹ̀, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá wa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkìlọ̀ pé ká yé jí oúnjẹ ara wa nínú fíríìjì.

Oṣù karùn-ún ni àbúrò mi pè láti Abẹ́òkúta. Ikọ́ ń ṣe Màámi, ara wọn gbóná, wọ́n ti há ẹ̀rọ mọ́ wọn níka. "Àǹtí mi, 94 ni o, wọ́n ní ó dáa." Mo ní kó gbé fóònù kọjú sí àyà wọn. Mo ka èémí wọn fún odindi ìṣẹ́jú kan. Àgbà tí ara rẹ̀ dá kì í mí ju ìgbà 20 lọ ní ìṣẹ́jú. Tiwọn ti lé ní 30. Mo ní kó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn kíá, kó má wo 94 kankan. Ó gbé wọn lọ. Wọ́n fún wọn ní ọ́síjìn, wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Òtútù àyà ni. Kò pẹ́ tí wọ́n...

Ẹ jẹ́ n kàn sọ pé inú yàrá Màámi ni mo ti fi iṣẹ́ àṣekágbá ránṣẹ́, lórí nẹ́tíwọọ̀kì tó ń lọ tó ń bọ̀, tí àwọn ìyá ìjọ ń kọrin níta. Tíṣà ní iṣẹ́ náà dára gan-an. Ó yọ máàkì méjì nítorí kọ́mà.

Inú àpótí wọn ni a ti bá ọ̀rá kan tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Àdìrẹ ni, láti Ìtòkú, ìró àti bùbá, rírán ni wọ́n rán an, wọn ò wulẹ̀ dúró kí n parí. Ara tí mo ní nígbà tí mo kúrò nílé ni wọ́n sì wọ̀n ọ́n sí! Télọ̀ mi ní òpópónà Bissonnet, ní Houston, tú gbogbo ojú rírán, ó fi aṣọ kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó fi kún tòsì. Kò bú mi, owó ló fi bú mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ àdìrẹ sábẹ́ gáùn dúdú nínú ooru oṣù kẹjọ ní Texas. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, Táyé pariwo "Àṣàkẹ́ o!" láti òkè lọ́hùn-ún. Ta ló fún ọmọ yẹn láṣẹ àtipe oríkì mi? Mo sunkún, mo ní òógùn ni.

Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá mi gba iṣẹ́ alẹ́ ṣe, ẹ̀yin tí ẹ wá sí Abẹ́òkúta, ẹ̀yin tí ẹ fi ìrẹsì ránṣẹ́ nígbà tí ẹ̀bà fẹ́ pa wá.

Ẹ ti fẹ́ béèrè owó, mo mọ̀ yín. Wọ́n fi kún un. Èyí tí wọ́n fi kún wákàtí kan kò lè ra mọ́ínmọ́ín kan ní Bissonnet. Ọ̀gá wa ní ó ṣeé ṣe kí àyè ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ṣí sílẹ̀ nínú oṣù kẹrin. "Ó ṣeé ṣe" ni wọ́n wí, ẹ má tíì ra aṣọ. Mo ti ra ìwé ìdánwò ACCS ti NBRC, àjọ tó ń ṣe ìdánwò fún àwa RT; ìdánwò náà wà fún àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ní ICU, níbi tí àìsàn ti le jù, ó ṣì wà nínú ọ̀rá tó bá dé. Àbúrò mi ti gba iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú ṣe, ó ń pè lẹ́yìn ìsìn. Òun náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé fóònù, àjà ilé ni mò ń rí.

Ìyàwó pásítọ̀ ti bi mí lẹ́ẹ̀kejì ìgbà tí màá bẹ̀rẹ̀ máásítà. Mo ní kí wọ́n fi í sínú àdúrà, kí wọ́n sì fi owó ilé ìwé sínú àpòòwé. Wọn ò tíì tún béèrè.