Èsì Ìdánwò Mi Ti Dé

Ní àárọ̀ yìí, èsì IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí mo tún ṣe ní Ìbàdàn tẹ̀ mí lọ́wọ́, omijé sì bọ́ lójú mi kí n tó kà á tán. Nígbà àkọ́kọ́, 6 ni mo gbà nínú ìwé kíkọ àti 6.5 nínú ọ̀rọ̀ sísọ, bẹ́ẹ̀ 6.5 àti 7 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwa nọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba.

Ní ti ìwé kíkọ, nínú iṣẹ́ méjì tí wọ́n ń fúnni, èkejì, tí máàkì rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti èkíní, ni mo kọ́kọ́ ń ṣe lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ sísọ ló gbà mí lómi ojú. Lálaalẹ́, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń gba ohùn ara mi sílẹ̀ sórí fóònù, ibẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ pé ohun tí mo há sórí ni mò ń kà jáde bí ọmọ iléèwé. Mo pa àhásórí tì. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n fún mi ní káàdì pé kí n sọ̀rọ̀ nípa àgbàlagbà kan tí mo fẹ́ràn, pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan péré láti ronú. Ìyá àgbà mi tó ń ta aṣọ òfì lọ́jà Ọjẹ́ ni mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, bó ṣe máa ń fi àtàǹpàkò yẹ etí aṣọ wò kó tó dá iye lé e. Ọ̀rọ̀ ṣì kún ẹnu mi nígbà tí olùdánwò ní ó tó. 7.5 ni mo gbà.