Ọ̀fẹ́ tí mo tà fún Bàbá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, ẹ má bínú, iṣẹ́ pọ̀, iná náà sì ń lọ ó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti ń yún mi lẹ́nu láti bí oṣù mẹ́ta, òní ni mo máa sọ ọ́.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, apá Ouando, wọ́n ní iléèwé kékeré kan. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, àlòkù tí wọ́n rà ní Kútọnu, àwọn tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Yúróòpù, Windows kpayo ló sì wà nínú gbogbo wọn. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ jẹ́ n túmọ̀ ẹ̀ fún yín: kpayo ni wọ́n ń pe epo pẹtiróòlù tó ń gba ẹnubodè wọlé láti ọ̀dọ̀ yín tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èdè Ẹ̀gùn ni, ṣùgbọ́n ní báyìí ohunkóhun tí kì í bá ti ṣe ojúlówó, kpayo ni, bàtà kpayo, oògùn kpayo, mo ti gbọ́ àfẹ́sọ́nà kpayo rí. Windows kpayo náà ò yàtọ̀ sí epo yẹn, á gbé ẹ dé ibi tó ò ń lọ, títí ọjọ́ tó máa ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ti kún inú wọn, àwọn ọmọ ò lè tẹ ìlà kan kí nǹkan míì má já lu ojú ẹ̀.

Mo kó mẹ́jọ̀ọ̀jọ wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, mo fi Linux Mint sí i dípò Windows, LibreOffice náà tí wọ́n fi ń kọ̀wé, mo ṣètò ẹ̀ kí wọ́n lè fi tẹ Faransé kí wọ́n sì lè fi tẹ ẹ, ọ àti ṣ tiwa, mo wá fi ọ̀sán méjì kọ́ àwọn tíṣà bí wọ́n ṣe máa lò ó. 5,000 faranki lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 40,000. Bàbá sanwó, wọ́n gbàdúrà fún mi dórí ọmọ tí mi ò tíì bí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, fóònù dún láago mẹ́fà ìdájí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ojú mi fọ́ ni? Ọmọ àbúrò mi ní Kútọnu ní ọ̀fẹ́ ni nǹkan tó o kó sí i. Ọ̀fẹ́! O ta ọ̀fẹ́ fún mi!"

Mo ní Bàbá, ẹ kú ìdájí ná. Wọ́n ní ta ló jí ire.

Mi ò rí èsì gidi fọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ń wí pé kòdù, ìyẹn àwọn ìlà tí wọ́n kọ tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló jẹ́ ọ̀fẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ mi kọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn. Ìgbà tó di Sátidé mo gun zẹ́mì (ọ̀kadà tiwa) lọ bá wọn nílé. Ọmọ Kétu ni Bàbá, wọ́n ti roko dáadáa kí wọ́n tó di olùkọ́, torí náà mo béèrè pé Bàbá, ṣé ẹ ṣe àrò rí? Ojú wọn là. Wọ́n ní àwọn mẹ́fà ni, òní wọ́n á bá ẹ kọ ebè, ọ̀la wọ́n á lọ sóko ẹlòmíì, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bó bá yí kan ẹnìkan tí o ò yọjú, ọ̀rọ̀ ẹ bàjẹ́ nìyẹn. Mo ní ó dáa, bí wọ́n bá bá yín kọ ebè, tí iṣu ta, tí ẹ gbé iṣu lọ sọ́jà, ṣé ẹnìkan nínú wọn máa ń sọ pé ẹ má tà á? Wọ́n ní kí ló kàn án, kó ṣá ti rí mi lóko tiẹ̀.

Mo ní Linux tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín nìyẹn. Ọmọ iléèwé kan ní Finland, Linus Torvalds, ẹni ọdún 21, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1991. Ẹ sì gbọ́ eléyìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ òfin tó fi sí i ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi pawó. Ní 1992 òun fúnra ẹ̀ ló yọ òfin yẹn kúrò, ó gbé GPL tí Richard Stallman kọ sí i dípò ẹ̀. Stallman yìí, baba gbogbo àwọn tó ń pariwo pé kí kòdù wà fún gbogbo ayé, òun gan-an ta téèpù Emacs, ètò tí wọ́n fi ń kọ kòdù, ní 150 dọ́là nígbà ayé téèpù. GPL ò sọ pé má tà á. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó o bá tà á fún, bó bá béèrè kòdù, fún un, kó lè tún un ṣe kó sì fún ẹlòmíì. Ìyẹn ni pé gbé ọkọ́ ẹ wá.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. (Mo mọ̀ pé àfiwé mi ò pé o, iṣu á tán, kòdù kì í tán, ẹgbẹ̀rún èèyàn lè jẹ ẹ́ kó má dín. Mi ò sọ ìyẹn fún Bàbá, mi ò fẹ́ da ọ̀rọ̀ tó ti ń dùn rú.) Lẹ́yìn náà wọ́n ní: "Àwọn tó ń tà á yìí, ṣé gbogbo wọn ló ń gbé ọkọ́ wá?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ibí.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó gbé e wá. Red Hat, ilé-iṣẹ́ tó ń ta Linux, bẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà ní 1993. Ohun tí wọ́n ń tà, èèyàn lè rí i kó má san kọ́bọ̀, àwọn kan tiẹ̀ mú kòdù Red Hat, wọ́n yọ orúkọ kúrò lára ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní CentOS, ọ̀fẹ́ gbáà, ó sì jọ ọ́ bí ìbejì. Síbẹ̀ báǹkì ń sanwó fún Red Hat. Kí ni wọ́n ń rà? Ẹni tí wọ́n lè pè láago méjì òru. Ẹni tó máa tún nǹkan ṣe fún ọdún 10 láìyí i padà mọ́ wọn lórí. Ní 2012 wọ́n di ilé-iṣẹ́ irú èyí àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ lọ́dún, ní 2019 IBM fi bílíọ̀nù 34 rà wọ́n. Mo wo ìyẹn, mo wo 40,000 faranki mi, mo ní iṣẹ́ kan náà là ń ṣe, owó ló kàn ṣàìjọra. Àmọ́ ní 2023 wọ́n wá sọ pé kòdù ẹ̀dà tí wọ́n ń tà gangan, oníbàárà nìkan ló máa rí i, kí aráyé yòókù máa wo CentOS Stream, ẹ̀dà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lé lórí kó tó di èyí tí wọ́n ń tà. Wọ́n ní òfin gbà á, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ewé bo ebè lójú ẹlẹ́gbẹ́ àrò ẹ̀, wọ́n á ṣáà fura sí i.

Ubuntu ńkọ́, Linux lòun náà. Èmi àti Ubuntu ti jọ wá ọ̀nà jíjìn. Ní 2009 mo wà ní lìsẹ́ (iléèwé girama), mo wọ sáíbà, mo kọ orúkọ mi sí ìkànnì wọn pé kí wọ́n fi CD ránṣẹ́ sí mi, àpótí lẹ́tà àbúrò bàbá mi ni mo fi sílẹ̀. Mi ò gbàgbọ́ pé ó máa dé. Ó dé! Páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, CD nínú ẹ̀, wọn ò gba sítáǹbù kankan lọ́wọ́ mi. Màmá mi wò ó, wọn ò fọwọ́ kàn án, wọ́n ní "kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ?" Ọmọ South Africa kan ló ń sanwó ẹ̀, Mark Shuttleworth, ó ti ta ilé-iṣẹ́ ẹ̀, Thawte, ní 1999 ní owó rẹpẹtẹ, ó tiẹ̀ ti lọ sójú òfuurufú ní 2002 kó tó dá Canonical, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Ubuntu, sílẹ̀ ní 2004. Wọ́n pín CD yẹn káyé títí di 2011. Owó wọn kì í wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ lìsẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, pọ̀ ló ti ń wá. Ìbéèrè màmá mi, ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni mo rí ìdáhùn ẹ̀: wọn ò fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, wọ́n fẹ́ kí n dàgbà di ẹni tó máa jókòó níwájú ọ̀gá kan kó sọ pé ẹ jẹ́ ká lo Ubuntu. Mo sì ti sọ ọ́ bíi ìgbà ogún. Wọ́n rí mi mú.

Ó wá kan àwọn tó ń jẹun àrò tí wọn kì í mú ọkọ́ dání. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìtàn ráwtà (àpótí tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì) Linksys WRT54G, ẹ máa rántí ẹ̀, àpótí búlúù àti dúdú tó ní eríálì méjì, ìparí 2002 ló jáde. Wọ́n ń tà á lọ, wọn ò sọ nǹkan kan, àwọn kan tú inú ẹ̀ wò, Linux ló wà níbẹ̀! Wọ́n ní kòdù dà? Cisco ti ra Linksys nígbà yẹn, ariwo pọ̀, ní 2003 wọ́n kó kòdù jáde. Àwọn èèyàn gbé e, wọ́n tún un ṣe, ibẹ̀ ni OpenWrt, Linux fún ráwtà, ti wá ní 2004. Ṣé ẹ rò pé ọjà bàjẹ́? Rárá o, ráwtà yẹn ni gbogbo ayé ń wá kiri torí pé èèyàn lè yí inú ẹ̀ padà, débi pé nígbà tí Linksys yọ Linux kúrò nínú ẹ̀dà tuntun, wọ́n ní láti ṣe èyí tó ń jẹ́ WRT54GL ní 2005 fún àwọn tó ń fẹ́ Linux náà, ó sì tà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n fipá mú wọn ṣí ló ń mú oníbàárà wọlé. Síbẹ̀ Cisco ò gbọ́n délẹ̀, ẹgbẹ́ Stallman tún pè wọ́n lẹ́jọ́ ní ìparí 2008 lórí àwọn ọjà Linksys, wọ́n yanjú ẹ̀ ní 2009.

TiVo tiẹ̀ gbọ́n ju ìyẹn lọ, ẹ̀rọ tó ń gba tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ni, 1999. Wọ́n ń fún ẹ ní kòdù o, ṣùgbọ́n bó o bá yí i padà tó o dá a padà sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò ní ṣiṣẹ́. Bí ẹni pé ó gbé ọkọ́ wá, ó sì yọ irin orí ẹ̀ sílé. Irú wọn wà lára ohun tó mú kí wọ́n kọ GPL kẹta ní 2007, Torvalds ní òun ò bá wọn lọ, Linux dúró sórí ìkejì.

Tèmi tún wà. Mo ra àpótí tẹlifíṣọ̀n kan ní Kútọnu, 18,000 faranki, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Android àtijọ́ ló wà nínú ẹ̀, ọdún kan àbọ̀ péré, àwọn áàpù ò dá a mọ̀ mọ́. Mo wọ inú sẹ́tìnì, mo rí àwọn òfin tí wọ́n kọ gbọọrọ síbẹ̀ ní lẹ́tà tíńtín, GPL wà ńbẹ̀, òun ló ní kí wọ́n fún mi ní kòdù bí mo bá béèrè. Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọn ò fèsì. Abẹ́ fáànù ló wà báyìí, òun ló gbé e dúró kó má mì.

Android náà ti tó kókó fúnra ẹ̀. Tecno, itel, Infinix tí wọ́n tò jọ rẹrẹ lójú ọjà Ouando, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Transsion ní Shenzhen, Linux ló sì wà nísàlẹ̀ gbogbo fóònù Android wọn. Google ra Android ní 2005, fóònù àkọ́kọ́ jáde ní 2008, ọ̀fẹ́ ni kòdù ẹ̀. Ṣùgbọ́n Play Store ò sí nínú àrò, oko àdáni Google nìyẹn, àdéhùn ni wàá fi wọ ibẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà so àdéhùn yẹn mọ́ àwọn oníṣẹ́ fóònù lọ́rùn ló mú kí Yúróòpù bu owó ìtanràn bíílíọ̀nù 4.34 yúrò lé wọn ní 2018. Nígbà tí Amẹ́ríkà sì gbẹ́sẹ̀ lé Huawei ní 2019, Android ò kúrò lọ́wọ́ Huawei, Play Store ló kúrò, àwọn èèyàn wá ń gbé fóònù tuntun wá bá mi pé kí n bá àwọn "dá Google padà". Mo ń gbìyànjú, ó ń ṣe ìdajì, mo ń gba 2,000. Ìyẹn gan-an, mi ò fi yangàn.

Àwọn kan máa sọ pé Sony àti Apple ńkọ́, tí wọ́n mú kòdù BSD, ọ̀fẹ́ míì tí òfin ẹ̀ ò ní kí èèyàn fún ẹlòmíì ní kòdù, Sony fi ṣe PlayStation 4, Apple fi kún macOS, tí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn. Ìyẹn kì í ṣe àrò, ọ̀wẹ̀ ni. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀, á se oúnjẹ, ẹ á jẹ, ẹ á lọ, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè iṣẹ́. Àwọn tó ni BSD ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo rò fún Bàbá, mo ti ń gbéra láti dìde, ayọ̀ ti kún inú mi pé mo borí, ni wọ́n bá wò mí, wọ́n ní:

"Ìwọ ńkọ́? Ọjọ́ wo lo gbé ọkọ́ lọ?"

Ẹ̀yin èèyàn mi. Látọdún 2009 tí mo ti ń jẹ nínú ẹ̀. Mi ò kọ ìlà kòdù kan rí, mi ò tiẹ̀ kọ̀wé sí wọn rí pé ibí yìí bàjẹ́, bí mo bá rí ibi tó bàjẹ́ mo kàn máa ń tún kọ̀ǹpútà tàn ni. Mo jókòó padà. Mo ní Bàbá, ẹ má bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n ní kí wọ́n bu ẹ̀kọ fún mi.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, díẹ̀díẹ̀. Orí ìkànnì kan tó ń jẹ́ Launchpad ni wọ́n ti ń túmọ̀ Linux Mint, mo forúkọ sílẹ̀, mo ń túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ orí ẹ̀ sí Yorùbá nírọ̀lẹ́ tí kọ́nẹ́ṣọ̀n bá dáa. Mo ti dé nǹkan bí ogójì. "Folder" ló ń dà mí láàmú, mo fi àpò sí i, ẹnìkan ní Ṣàbẹ́ ní kí n fi àpamọ́wọ́ sí i, mi ò gbà fún un, ẹ bá mi dá sí i.

Èmi àti Bàbá ti ṣe àdéhùn bíi ti Red Hat: 6,000 faranki lóṣù, ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nínú mẹ́jọ̀ọ̀jọ, mo máa wá, àfi láago méjì òru. Oṣù àkọ́kọ́ wọ́n san án pé. Oṣù kejì wọ́n fi àpò àgbàdo ránṣẹ́, wọ́n ní kí n fara mọ́ ọn, owó iléèwé ò tíì wọlé. Mo gbà á. Mi ò tíì lọ̀ ọ́.