Ẹ wo nọ́ńbà fáìlì kẹ́ ẹ tó sanwó ilé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ilé rà ní Ṣágámù, Ìperu tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́wọ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun gba gbogbo ojú yín. Ọrùn ilé ni gbèsè owó orí ilé ń rọ̀ sí, kì í ṣe ọrùn ẹni tó kọ́ ọ. Bí ẹni tó tà á bá ti gbowó tó kó lọ sí Èkó, ẹ̀yin ni wọ́n máa wá kanlẹ̀kùn fún.

Tèmi ò tíì pẹ́, ó ṣì ń dùn mí. Rìsíìtì ground rent (owó ilẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbà lọ́dọọdún) tí wọ́n kó fún mi pọ̀ débi pé rọ́bà ni wọ́n fi dì í. Mo wo orúkọ, mo wo ọdún, mo ní ó pé. Ìgbà tí mo kó o dé ọ́fíìsì ilẹ̀ ni akọ̀wé fi ìka kan lé igun òkè rìsíìtì, ó fi òmíì lé ojú C of O, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí. Nọ́ńbà fáìlì ilé tí mo rà, 3 ló parí sí. Ti orí rìsíìtì, 8. Ilé kejì tí bàbá tó talé fún mi ní ládùúgbò kan náà ló ń sanwó fún látọjọ́ yìí! Ọdún 11 gbáko, ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ lórí tèmi. Akọ̀wé ò tiẹ̀ pariwo. Ó kàn rọra ti fáìlì padà sí mi. Mo san án, ó tán. (Ẹ má bi mí pé lọ́yà ńkọ́. Mo ní lọ́yà. Orúkọ lòun náà wò.)

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gba ẹ̀dà C of O, kí lọ́yà fi nọ́ńbà, ojú ìwé àti fọ́lúùmù tó wà lára rẹ̀ ṣe search (àyẹ̀wò nínú ìwé ilẹ̀ ìjọba) l'Ábẹ́òkúta. Ẹ wá to rìsíìtì sílẹ̀ lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà fáìlì ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ti C of O títí dé èyí tó kẹ́yìn. Ọdún tó bá já, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó ilé, kí lọ́yà kọ ọ́ sínú àdéhùn. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú títà bẹ́ẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá sì ti ń wá ìbuwọ́lù yẹn ni wọ́n ti máa ní kẹ́ ẹ mú rìsíìtì wá. Ibẹ̀ làṣírí ti ń tú.

Àwọn kan á ní, "Ilẹ̀ ẹbí ni, kò sówó kankan lórí ẹ̀." Irọ́ ni. Níbi tí kò bá sí C of O, òótọ́ ni pé kò sí ground rent, àmọ́ tenement rate, ìyẹn owó orí ilé ti ìjọba ìbílẹ̀, lè wà níbẹ̀. Ẹ béèrè rìsíìtì tiẹ̀ náà, kí nọ́ńbà ojúlé orí rẹ̀ bá ti ara ògiri mu.

Ẹni tó ń tún ilé ṣe ńkọ́? Táìlì, ọ̀dà àti páànù tuntun kì í sábà yí owó orí ilé padà. Bí ilé ṣe tóbi tó àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe ni wọ́n ń wò. Bẹ́ ẹ bá fọ́ fèrèsé pálọ̀ láti fi ṣe ṣọ́ọ̀bù torí pé ìyá àgbà fẹ́ máa ta gàrí Ìjẹ̀bú, ilé òwò nìyẹn, owó rẹ̀ sì máa ń ju ti ilé tí onílé ń gbé lọ. Ẹ ṣírò owó yẹn mọ́ ìnáwó ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún kẹ́ ẹ tó pe bíríkìlà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní tiẹ̀ ń fẹ́ ìwé àṣẹ tuntun: àwòrán ilé, àwòrán ẹnjiníà àti sọ̀fé. Lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ owó orí ilé bá wá wọn ilé, ẹ bá wọn di ẹnu téèpù mú, kí wọ́n má baà ka ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ yàrá. Bí ìwọ̀n wọn bá ju tiyín lọ, ẹ kọ lẹ́tà kí ọjọ́ tó wà lórí ìwé owó tó kọjá, kẹ́ ẹ so àwòrán tí wọ́n fọwọ́ sí mọ́ ọn.

Báńkì ni kẹ́ ẹ san án sí, ẹ má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí akọ̀wé tó tẹ rìsíìtì, ẹ ní kó ka nọ́ńbà fáìlì sí yín létí.