Àánú Tó Ń Gba Sípánà Lọ́wọ́ Obìnrin Ológun

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ tó gbà mí lọ́kàn láti àárọ̀ ni ti àwọn obìnrin tí iṣẹ́ wọn nínú ológun jẹ́ àtúnṣe: àwọn tó ń tún ọkọ̀ ogun, jẹnẹrétọ̀, rédíò àti bàálù ṣe kí àwọn tó ń jà ó tó lè gbéra. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ó gba ìsinmi wá sílé láti ibùdó kan lókè Ọya, a sì jọ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú lánàá. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo rò sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu wa.

Kì í ṣe ẹjọ́ ìyà tàbí èébú ló wá rò. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń bú u ni, ì bá rọrùn láti tọ́ka sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i ni pé wọ́n ń ṣàánú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù kalẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ á ní, “Ìwọ, bọ́ sí ọ́fíìsì, lọ bá wa kọ orúkọ àwọn páàtì tó wọlé.” Bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà, tí wọ́n ní láti lọ wo ohun tó ṣe é, ọmọkùnrin tó gba iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á mú lọ, òun á sì jókòó ti fóònù. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Wọ́n á ní epo dúdú yóò ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, wọ́n á ní oòrùn ti mú jù, wọ́n á ní bí ọmọ àwọn ni àwọn ṣe mú un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ bá tó, ìyẹn ìdánwò tí oníṣẹ́ ọwọ́ nínú ológun gbọ́dọ̀ yege kí ó tó kúrò ní ipele kan bọ́ sí òmíràn, kò sí ẹni tó ń béèrè iye páàtì tí èèyàn kọ sínú ìwé. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n á gbé síwájú rẹ̀, wọ́n á ní kí ó tú u, kí ó sì tò ó padà. Ọmọkùnrin tí wọ́n jọ wọṣẹ́, tó ti tú irú rẹ̀ láìmọye ìgbà, á ṣe é wéréwéré. Ẹni tí wọ́n ti sọ di akọ̀wé á máa táràrà. Nígbà náà ni wọ́n á wá sọ jẹ́jẹ́ pé àwọn ti wí tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ yìí kò bá obìnrin mu.

Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Omi ìwẹwọ́ gan-an ni wọ́n gbé kúrò níwájú ọmọ yìí, wọ́n sì ní nítorí kí òtútù má baà mú un ni.

Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́. Lówùúrọ̀ òní, mo fi ojú ara mi rí i. Bọ́ọ̀sì aládùúgbò wa kan, tó ń ná Láfẹ́nwá sí Ayétòrò, kò dáhùn mọ́, nítorí pé ọmọ tó ń bá a wà á jẹ́ kí epo dísù gbẹ nínú táǹkì. Wọ́n ti bu epo sí i, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì kàn ń yí lásán, bátìrì sì ti ń kú lọ. Àwọn ọkùnrin tó yí i ká ti ń múra àtití i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi béèrè ohun kan ṣoṣo: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé epo ló tán nínú rẹ̀ kí ó tó kú?” Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní afẹ́fẹ́ ti wọ ojú ọ̀nà epo nìyẹn, títì kò sì lè lé e jáde. Ó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó fi àkísà nu ara fíltà dáadáa kí iyanrìn má baà bá epo wọlé, ó tú bóòtù kékeré tó wà lórí rẹ̀ díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi àtàǹpàkò tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà níbẹ̀. Ìfófó ló kọ́kọ́ ń yọ. Kò kánjú, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí ìfófó náà fi tán, tí epo tó mọ́ gaara sì ń ṣàn, kó tó dè é pinpin. Ó bọ́ sí ìdí àwọn páìpù tín-ín-rín tó ń gbé epo lọ sí nọ́sù, ìyẹn ẹnu tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó tú nọ́ọ̀tì wọn díẹ̀díẹ̀, ó ní kí awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, bí epo sì ti ń ta jáde ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń dè é. Kò tíì dé ìdí èyí tó kẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì fi ké.

Ẹni tó ni ọkọ̀ dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, ó sì wá béèrè ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì. Ó dùn mí púpọ̀. Ojú ọkùnrin yìí ni ọmọ náà ti ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, síbẹ̀ ọkùnrin kan tí kò sí níbẹ̀ ló fẹ́ fi ìmọ̀ náà fún.

Bàbá tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ṣọ́jà wà lára àwọn tó ń wòran. Iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ nínú ológun ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n pè é, ó kúnlẹ̀ kí wọn.

“Ọmọ mi, o káre. Ọwọ́ rẹ mọ́ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n n ó sọ òótọ́ fún ọ, èmi náà ti yọ obìnrin kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì rí. Ẹrù yẹn wúwo. Bí ó bá já lu ọmọ ọlọ́mọ, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀?”

“Ẹ má bínú sà, Bàbá. Bí ó bá já lu ọmọkùnrin ńkọ́, kí lẹ fẹ́ sọ fún ìyá tirẹ̀?”

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní ìbéèrè náà tọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí ìyẹn, nítorí ìdí tí wọ́n sọ ni ìdí tí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ń gbé ró, tọkàntọkàn ni wọ́n sì ń gbé e ró. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ọkùnrin kan láyé yìí tó ń fi apá gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ̀rọ ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n fi ń fà á sókè, jáàkì ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀, páìpù gígùn ni wọ́n sì ń ki bọ ọwọ́ sípánà nígbà tí nọ́ọ̀tì táyà bá kọ̀ tí kò tú. Ibi tí wọ́n bá ti rí ẹni tó ń fi agbára lásán gbé ohun tó yẹ kí ẹ̀rọ gbé, ewu ló wà níbẹ̀, ì báà ṣe ọkùnrin ì báà ṣe obìnrin. Ewu tí ọmọ náà sọ fún mi yàtọ̀ sí èyí: ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ń fún un jẹ́ ti ọkùnrin, ó tóbi jù, etí rẹ̀ sì lè há sínú bẹ́líìtì tó ń yí. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, àfi kí ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ẹni tó bá ń ṣàánú obìnrin ní ibi iṣẹ́, ìbọ̀wọ́ tó bá a mu ni kí ó kọ́kọ́ wá fún un.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà sọ. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń kùn, wọn kò sì jẹ̀bi. Bí wọ́n bá ti yọ obìnrin kan kúrò nínú iṣẹ́ inú oòrùn, orí wọn ni iṣẹ́ náà ń já lé. Wọ́n á wá máa wò ó bí ẹni tó ń gba owó ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ òun.

Àwa ọmọ Ẹ̀gbá kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ obìnrin àti ogun ṣàjèjì sí wa. Ní oṣù kẹta ọdún 1851, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kọlu ìlú yìí ní ẹnubodè Aró, àwọn obìnrin ajagun wà lára wọn, àwọn baba wa sì jẹ́rìí pé wọn kì í ṣe ẹran rírọ̀. Wọ́n tún padà wá ní 1864, a tún lé wọn. Ẹ̀yìn ogun gan-an ni mo fẹ́ kí a wò. Ẹfúnróyè Tinúubú, tí wọ́n fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864 náà, kì í ṣe nítorí pé ó di ìbọn mú ní orí odi ni a fi ń rántí rẹ̀. Ó pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn tó di ìbọn mú. Ẹni tó bá gba Ìta Ìyálóde kọjá yóò rí ère rẹ̀ níbẹ̀. Ìlú yìí ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹni tó mú kí ohun ìjà ṣeé lò ní ìpín nínú ìṣẹ́gun.

Ilẹ̀ òkèèrè náà ti rí i. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, tí àwọn òbí wa tò sójú títì láti kí nígbà tó wá sí Nàìjíríà ní 1956, kọ́ ọkọ̀ wíwà àti àtúnṣe ọkọ̀ nínú ẹgbẹ́ ológun obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ATS, ní 1945, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọba. Ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ọkùnrin tó wà ní ipò kan náà ni wọ́n ń san fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kì í béèrè bóyá ọkùnrin ló tún òun ṣe. Nínú ogun yẹn kan náà, orílẹ̀-èdè Soviet ní ẹgbẹ́ bàálù 588, tí ó bẹ̀rẹ̀ ìjà ní 1942: obìnrin ló ń wà bàálù, obìnrin ló ń tún un ṣe, obìnrin ló sì ń gbé bọ́ǹbù so mọ́ ọn ní òru. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1948 gba obìnrin láyè títí lọ nínú ológun, ṣùgbọ́n ó ní wọn kò gbọ́dọ̀ ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ó di 1967 kí wọ́n tó mú ààlà yẹn kúrò, ó sì di oṣù Kejìlá 2015 kí wọ́n tó kéde pé gbogbo iṣẹ́ ológun wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún wọn.

Nílé níbí, a ní orúkọ tí a lè fi yangàn. Aderonke Kale, dókítà àìsàn ọpọlọ, di Mejọ Jẹ́nẹ́rà ní 1994. Itunu Hotonu, ayàwòrán ilé, di ọ̀gá àgbà nínú ológun ojú omi ní 2012, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò Rear Admiral nínú wọn. NDA, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, gba obìnrin 20 ní 2011 láti kọ́ṣẹ́ ọ̀gá ajagun, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Tolulope Arotile, ọmọ Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa hẹlikọ́pítà ogun fún Nàìjíríà kí ó tó kú ní 2020, tí gbogbo wa sì sunkún rẹ̀. Mo fẹ́ràn àwọn orúkọ wọ̀nyí tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kí hẹlikọ́pítà kan tó gbéra, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé pé ó ṣeé wà. Ẹni yẹn kò ní àwòrán nínú ìwé ìròyìn. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sí ọ́fíìsì ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ gidi bá dé, a kò ní mọ̀.

Mo ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 lọ́sàn-án. Ẹ̀ka 42 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ìsọ̀rí kẹta ẹ̀ka náà wá sọ pé èyí nìkan kò tó láti sọ òfin tó fi ààlà sí gbígba èèyàn sí iṣẹ́ ológun tàbí ọlọ́pàá di òfo. Ẹ̀ka 217 ní kí àwọn ọ̀gá àti ọmọ ogun jẹ́ àpapọ̀ gbogbo ẹ̀yà Nàìjíríà, nítorí náà a máa ń ka iye tó wá láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ibi tí ó ti ní kí a ka obìnrin. Mo ka ìsọ̀rí kẹta yẹn ní àkàtúnkà. Gbígba èèyàn wọlé ló ń sọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wọlé, ó ti búra, ó ti wọ aṣọ. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó fún ọ̀gá láṣẹ láti gba sípánà lọ́wọ́ ẹni tí ìjọba ti fi sípánà lé lọ́wọ́.

Bàbá Ṣọ́jà yà sọ́dọ̀ wa ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti ń rò ó láti àárọ̀, wọ́n ní. Wọ́n béèrè bóyá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé tó ń kọ iṣẹ́ tó bá ṣe sí. Ó lọ mú un wá, ìwé kékeré kan tí epo ti rin etí rẹ̀: ọjọ́, nọ́ḿbà ọkọ̀, ohun tó bàjẹ́, ohun tó ṣe sí i. Bàbá bọ́jú wo ojú ewé bíi mélòó kan, wọ́n sì mi orí.

“Ìfọwọ́sí dà? Ẹ̀rí wo ló wà pé ìwọ lo ṣe é?”

Ó ní òun kò mọ̀ pé òun lè béèrè. Bàbá ní kí ó máa béèrè, pé ẹni tó yẹ iṣẹ́ wò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí iṣẹ́ náà bá parí gan-an, nítorí ọ̀gá lè gba ìwé àyípadà ibùdó kí ilẹ̀ ó tó mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì tún ní kí ó lọ sí ọ́fíìsì, kí ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ àti ẹni tó yọ ọ́, kí ó sì mú ìwé náà lọ́wọ́ nígbà tó bá ń kọ lẹ́tà láti béèrè àyè ẹ̀kọ́ àti ìdánwò tó kàn. Wọ́n jọ jókòó lórí àga inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fi rúlà fa ìlà tuntun sínú ìwé náà, ìlà kan fún iṣẹ́, ìlà kan fún ìfọwọ́sí, ìlà kan fún ìdí tí kò fi ṣe é.