Ẹ Bi Í Pé Kí Ló Ń Ṣe: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Láàárín Àwa Olólùfẹ́ Ẹyẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so awò awọ̀nà-jíjìn kọ́rùn, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ti bí a ṣe ń wo ẹyẹ. Ojú yín mọ́lẹ̀ ju tèmi lọ. Ti bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀ ẹyẹ ni, pàápàá tí ẹnìkan bá wà ní Ìbàdàn, tí èkejì wà ní Kano, tí ẹlòmíràn sì wà lókè òkun. Ó ti lé lọ́dún méjìlá tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ti ń wọlé sórí fóònù mi, àṣìṣe tí mo sì ṣe nídìí rẹ̀ kò kéré.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí lékeléke bẹ̀rẹ̀. Ta ni kò mọ lékeléke? Láti kékeré la ti ń na ìka sí i lójú ọ̀run pé kó fún wa ní èékánná funfun. Ní ọdún kẹta tí mo wọ inú iṣẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kano pè mí ní oṣù Keje. Ó ní balbela, bí àwọn Hausa ṣe ń pè é nìyẹn, ti kún orí igi kan lẹ́yìn ilé òun. Wọ́n ń kọ́ ìtẹ́, orí wọn sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹni tí wọ́n da ọbẹ̀ epo lé lórí. Kíá ni mo dá a lóhùn: "Kì í ṣe lékeléke nìyẹn. Funfun ni lékeléke." Ó dákẹ́. Ó ní ó dàárọ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́rin kó tó tún pè mí.

Òun ló jàre. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni lékeléke pọ̀ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Bí òjò bá ti múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á forí lé òkè Ọya, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yé tí wọ́n ti ń pa. Àsìkò yìí gan-an ni ìyẹ́ orí, àyà àti ẹ̀yìn wọn máa ń yí padà sí àwọ̀ ọsàn. Èmi tó jẹ́ pé aṣọ ẹ̀ẹ̀rùn wọn nìkan ni mo mọ̀, ìdajì ẹyẹ náà ni mo mọ̀. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo sì fi ẹnu ara mi tì í dànù. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Nígbà tí mo wá gbọ́n díẹ̀, arábìnrin kan ní Bahia, ní Brazil, sọ fún mi pé òun ń rí ẹyẹ funfun kan tó ń tẹ̀lé màlúù kiri lẹ́yìn ìlú. Mi ò sọ pé òun ni, mi ò sọ pé òun kọ́. Mo ní, "Ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Kí ló ń mú nídìí màlúù?" Ó ní ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tata tí màlúù bá tú jáde nínú koríko ló ń mú jẹ. Lékeléke gan-an ni. Kò sẹ́ni tó kó o débẹ̀. Apá ara rẹ̀ ló fi fò sọdá òkun, ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti rí i ní Gúúsù Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di 1953 ó ti ń pa ọmọ ní Florida. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún arábìnrin yìí pé láti ọ̀dọ̀ wa ni ẹyẹ náà ti wá, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé kí ló ń ṣe. Níbo ló bà sí? Ṣé òun nìkan ni àbí wọ́n pọ̀? Orúkọ lè dúró. Ìyá kan, ọmọ Òṣogbo tó ń gbé ní London, sọ fún mi pé olongo ń kọrin nínú ọgbà òun láàjìn òru, nínú òtútù oṣù Kejìlá. Olongo tí èmi mọ̀ kì í dá rìn, inú koríko ló ń wà, hóró ló ń ṣà jẹ. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi." Wọ́n ní ó dá wà ni, àyà rẹ̀ pọ́n bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, ìtòsí iná títì ló sì fẹ́ràn. Robin ti àwọn òyìnbó ni, ẹyẹ tí òtútù kì í pa lẹ́nu mọ́, tí iná títì sì máa ń mú kọrin lóru. Mi ò gba orúkọ náà lẹ́nu màmá. Mo kọ robin sínú ìwé mi, mo kọ "olongo màmá" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ máa kọ nǹkan sílẹ̀: ọjọ́, aago, iye. Iṣẹ́ yíya máàpù ibi tí ẹyẹ wà ní Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, tí APLORI, ilé ìwádìí ẹyẹ tó wà ní Jos, ń bójú tó, irú àkọsílẹ̀ báyìí ló fi ń rìn. Wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kìlómítà 9, ẹni tó bá wọ ọ̀kan á lo wákàtí 2, ó kéré tán, láti kọ gbogbo ẹyẹ tó rí àti èyí tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹ kọ lẹ ó sọ. Nínú ayọ̀, mo júwe ihò igi tí odídẹrẹ́ yé sí fún ẹnìkan tí mo rò pé olólùfẹ́ ẹyẹ ni. Nígbà tí mo padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti gé igi náà lulẹ̀. Ìkóóde méjì péré ló kù nílẹ̀. Ní 2016 ni ìpàdé CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, fòfin de títa odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n òfin kì í gun igi lọ ṣọ́ ìtẹ́. Ẹ dárúkọ ìlú, ẹ má dárúkọ igi.

Èyí tó kù ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Ẹ má máa kánjú kọjá ìkíni. Mo ń rí yín, ẹ máa ń fẹ́ kí ẹni náà tètè dé orí ẹyẹ. Ẹ béèrè òjò, ẹ béèrè ọmọ, ẹ béèrè iṣẹ́, nítorí ohun tí èèyàn ń rí lójoojúmọ́ kì í jọ ìròyìn lójú rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kan wà tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Banjul, ní Gambia. Ẹyẹ etí omi ló máa ń bá mi sọ. Lọ́jọ́ kan, iye tó ná sórí páànù tuntun tó fi kan ilé rẹ̀ là ń sọ, ló bá ní àwọn ẹyẹ kan ti fẹ́ fi ìgbẹ́ ba páànù náà jẹ́. Mo ní, "Ẹyẹ wo?" Ó ní, "Àwọn olórí pípá yìí náà ni. Mẹ́rìndínlógún ni mo kà láàárọ̀ yìí."

Igún ni. Ẹ̀yin lè má tíì fojú kàn án rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Ìbàdàn tí igún kì í dúró dè. Nísinsìnyí mo lè fi odidi ọdún kan rìn kí n má rí ẹyọ kan. Májèlé àti pípa fún oògùn ló wà nídìí ẹ̀ jù, láti 2015 sì ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá inú igbó, ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n run pátápátá.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé fóònù jáde sẹ́yìnkùlé. Igún kì í sábà ké. Èékánná wọn ni mo gbọ́ tó ń ha páànù, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan na apá, ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá gbọn aṣọ òfì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Mo ní mò ń gbọ́, kó ṣe sùúrù, kó má tíì wọlé.